Fóònù, kúìsì àti ọmọláńgidi nínú kíláàsì ìṣègùn: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù

Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí l'Ékòó ló ń bi wá ní nǹkan wọ̀nyí, láti Ìdí-Àràbà dé Ìkẹjà títí wọ Erékùṣù. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, a wá kó wọn jọ síbí.

Kí lẹ ń pè ní ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá sí ẹ̀kọ́?

Ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá máa mú kí ọmọ ṣe nǹkan dípò kó kàn jókòó máa wò yín ni. Ó lè jẹ́ kúìsì lórí fóònù, ó lè jẹ́ ìdìbò tí èsì ẹ̀ ń jáde lára ògiri bí wọ́n ṣe ń dì í, ó lè jẹ́ ọmọláńgidi tí wọ́n ń tẹ àyà ẹ̀, tàbí aláìsàn inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n á bi ní ìbéèrè tí wọ́n á sì yan oògùn fún.

Sílàìdì ọgọ́rin tí ẹ kà láti òkè délẹ̀ kò sí lára ẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pùròjẹ́kítọ̀ lẹ fi gbé e jáde. Fídíò náà kò sí lára ẹ̀, àfi tí ẹ bá dá a dúró láàárín tí ẹ bi wọ́n pé "ẹ̀yin ló wà níbẹ̀ báyìí, kí lẹ máa ṣe?"

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ àbí eré lásán ni?

Ó ń ṣiṣẹ́. Ní 2014, Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ l'Amẹ́ríkà kó ìwádìí 225 jọ lórí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ẹ̀rọ. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ló ń féèlì, níbi tí àwọn ọmọ ti ń dá sí i, nǹkan bí 22. Kì í ṣe kíláàsì ìṣègùn ni wọ́n wò o, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ọpọlọ tí ọmọ fi ń kọ́ fisíìsì náà ló fi ń kọ́ physiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìwádìí kejì ni ti Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá l'Amẹ́ríkà, ní 2006. Àwọn kan ka ìwé kan ní àkàtúnkà, àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n wá dán ara wọn wò láìṣí ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún àwọn tó kà á ní àkàtúnkà ló rántí jù, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ti fi wọ́n sílẹ̀ gan-an. Ẹ rí i pé kúìsì fúnra ẹ̀ ni ẹ̀kọ́, kì í ṣe nǹkan tí a ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ápù ti pọ̀ jù, èwo ni kí n kọ́kọ́ lò?

Èyí tó ti wà lórí fóònù wọn tẹ́lẹ̀. WhatsApp ti ní ìdìbò láti ìparí 2022, ẹ lè to ìdáhùn méjìlá sábẹ́ ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó dìbò máa ń hàn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Telegram ní kúìsì tó máa sọ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á, ẹ lè kọ àlàyé mọ́ ọn, ẹ sì lè ṣe é kí orúkọ má hàn. Google Forms dáa fún èyí tí wọ́n máa ṣe nílé.

Kahoot tí àwọn ará Nọ́wè ṣe máa ń dùn mọ́ wọn nítorí orin àti ìdíje, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan àkọ́sórí bí orúkọ iṣan àti egungun. Ẹni tó bá yára tẹ̀ ẹ́ ló ń gba máàkì jù níbẹ̀, a ò sì fẹ́ kọ́ dókítà láti máa kánjú lórí ọ̀rọ̀ tó gba ìrònú. Mentimeter ti àwọn ará Swídìn tutù jù ú lọ, ó dáa tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn dípò A tàbí B.

Ta ló máa san owó dátà? Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Òun ni wọ́n ń bi wá jù, ó sì tọ́ kí wọ́n bi í. Ọmọ tó ń ti Ìkòròdù bọ̀ tó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé, owó ọkọ̀ ti tó o ní wàhálà, ẹ má sọ dátà di owó ilé-ìwé kejì fún un.

Ẹ lo káàdì. Ápù kan wà tó ń jẹ́ Plickers, olùkọ́ nìkan ló nílò fóònù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú káàdì bébà kan tó ní àmì dúdú lára, á yí i kí ẹ̀gbẹ́ tí ìdáhùn ẹ̀ wà wà lókè, ẹ ó wá fi kámẹ́rà fóònù yín yẹ kíláàsì wò láti apá ọ̀tún sí òsì, ápù á ka ohun tí oníkálukú mú. Ará ẹ̀gbẹ́ ò lè mọ ìdáhùn ẹni kejì torí àmì orí káàdì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ gbé e lọ sí Ṣómólú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà líle, ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi náílọ̀n tó ń dán bò ó, ìmọ́lẹ̀ máa kọ lára ẹ̀, kámẹ́rà ò sì ní rí i kà.

Tí ìyẹn náà bá pọ̀ jù, kádíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ mẹ́rin fún A, B, C, D ti tó. Nathaniel Lasry fi káàdì wé ẹ̀rọ ìdìbò nínú kíláàsì fisíìsì ní Kánádà, ó kọ ọ́ jáde ní 2008, àwọn tó lo káàdì àtàwọn tó lo ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n kọ́ ò yàtọ̀ síra. Ohun tí ẹ̀rọ fi ju káàdì lọ ni pé ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún olùkọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti iná, mo máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn kí wọ́n lè kà á sókè tàbí kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, tí iná bá wà kí wọ́n gbé e sára ògiri, tí kò bá sí, kíláàsì ń lọ.

Kíláàsì mi lé ní igba èèyàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Ẹni mẹ́ta sí fóònù kan tàbí káàdì kan. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀ torí wọ́n gbọ́dọ̀ jiyàn kí wọ́n tó fẹnu kò. Plickers ò ní ju káàdì 63 lọ, mẹ́ta-mẹ́ta sórí ẹ̀ máa gba 189, àwọn tó kù á di mẹ́rin-mẹ́rin.

Irú ìbéèrè wo ló ń jẹ́ kí wọ́n ronú?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀. Ápù tó dáa jù láyé ò lè gba ìbéèrè tí kò dáa là. Tí ẹ bá bi wọ́n pé "kí ni ìtumọ̀ pre-eclampsia" (ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó lè di gìrì), ẹni tó há a sórí á dáhùn, ẹni tí kò há a á dákẹ́, kò sí ẹni tó ronú nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ gbé ìyá kan kalẹ̀ fún wọn. Ọmọ ọdún 22 ni, oyún àkọ́kọ́, ó ti wọ oṣù kẹjọ, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e wá láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní aago méjì òru. Orí ti ń fọ́ ọ láti àná, ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ìfúnpá ẹ̀ jẹ́ 170/115, protein pọ̀ nínú ìtọ̀ ẹ̀. Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? A, ẹ fún un ní paracetamol kó padà wá lọ́jọ́ ìpàdé aláboyún. B, ẹ bẹ̀rẹ̀ magnesium sulphate àti oògùn tó ń sọ ìfúnpá kalẹ̀ kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá. C, ẹ gbé e wọ tíátà lójú ẹsẹ̀ lọ gbé ọmọ jáde. D, ẹ fún un ní diazepam kí ẹ máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

B ni. Àmọ́ ẹ wo àwọn mẹ́ta tó kù dáadáa, kò sí èyí tí èèyàn ò lè ṣe lóòótọ́ ní aago méjì òru. A ni ẹni tó rẹ̀, tó rò pé orí fífọ́ lásán ni. C ni ọmọ tó gbọ́ pé gbígbé ọmọ jáde ló ń wo àìsàn yẹn, tí kò rántí pé ara ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. D ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi púpọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìwádìí ńlá orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti 1995 tó fi hàn pé magnesium sulphate ń dènà kí gìrì eclampsia padà wá ju diazepam lọ. Tí ìdajì kíláàsì bá mú C, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì mọ̀ ọ́n kó tó kan aláìsàn kankan.

Ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú èyí ti tó wákàtí kan. Ẹ má kó ogún wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dìbò tán, kí ló kàn?

Ẹ má tíì sọ ìdáhùn. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n fisíìsì ní Harvard, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní 1991. Oníkálukú (tàbí ẹni mẹ́ta tó jọ mú káàdì kan, tí kíláàsì bá pọ̀) á kọ́kọ́ dá dìbò láìbá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Tí àwọn tó gbà á bá wà láàárín 30 sí 70 nínú 100, ẹ ní kí wọ́n yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n tí ìdáhùn ẹ̀ yàtọ̀, kí wọ́n jiyàn fún bí ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, kí wọ́n wá tún ìbò dì. Tí iye tó gbà á bá lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣàlàyé díẹ̀ kí ẹ tẹ̀ síwájú, tí ó bá kéré jù, ẹ tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa là á yé ẹnì kejì.

Ariwo máa wà nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn, ẹ jẹ́ kó wà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye nǹkan náà máa ń mọ ibi tó ti di kókó fún òun fúnra ẹ̀, ó lè tú u fún ẹnì kejì ju èmi tó ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún lọ. Kí ẹ wá parí ẹ̀ pẹ̀lú àlàyé yín, kí ẹ sọ ìdí tí èyí tó kùnà fi kùnà, kì í ṣe ìdí tí èyí tó tọ́ fi tọ́ nìkan.

Àwọn ọmọ mi kì í dáhùn, wọ́n á kàn máa wò mí.

Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Ọmọ tí wọ́n ti pariwo mọ́ níwájú aláìsàn nígbà tí ọ̀gá ń yí wọ́ọ̀dù ká, tó tún wà lára ẹ̀ láti ilé pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, kò ní na ọwọ́ sókè kó sọ ohun tí kò dá a lójú. Ìdí nìyí tí ìdìbò láìsí orúkọ fi wúlò fún wa ju bó ṣe wúlò fún àwọn òyìnbó lọ, lójú tèmi. Lójijì ẹ máa rí i pé ọmọ ogójì ló gbà pé ìdáhùn tí ojú fi ń ti ẹnì kan ló tọ́, òun náà á rí i pé òun nìkan kọ́.

Kí ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Tí ẹ bá sọ pé "àwọn wo ló mú A? ẹ̀yin lẹ fẹ́ di dókítà?" lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti pa á, wọn ò ní fi ọkàn dìbò mọ́.

Tí mo bá ní kí wọ́n mú fóònù jáde, ṣé wọn ò ní bọ́ sórí TikTok?

Àwọn kan á bọ́ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú un jáde fún ìbéèrè, kí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ sì fi àkókò sí i, ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa ní kóun jiyàn pẹ̀lú ẹnì kejì láìpẹ́ kì í ráyè púpọ̀.

A ò lówó ọmọláńgidi ńlá tó ń mí tó ń sọ̀rọ̀, kí la lè ṣe?

Ẹ ò nílò ẹ̀ fún ohun tó ṣe pàtàkì jù. Resusci Anne tí gbogbo ayé fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró, Asmund Laerdal tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní Nọ́wè ló gbé e jáde ní 1960, kò mí, kò sọ̀rọ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ níbẹ̀ ni pé kó tẹ àyà àgbàlagbà wọlé tó 5 sẹ̀ǹtímítà kó má ju 6 lọ, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó jẹ́ kí àyà padà sókè tán kó tó tún tẹ̀ ẹ́, títẹ̀ 30 sí èémí méjì. Ápù metronome ọ̀fẹ́ lórí fóònù, tí ẹ bá fi sí 110, á máa lu ìlù fún wọn láti tẹ̀ lé.

Kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí àwọn méjèèjì wá jọ wò ó. Ìyẹn ń kọ́ wọn ju bí ọ̀gá ṣe ń pariwo "tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" lọ, torí ọmọ náà á fojú ara ẹ̀ rí i pé ìgbọ̀nwọ́ òun tẹ̀, pé ó ti ń rẹ òun lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, tí ó yẹ kí òun gbà kí ẹlòmíì bọ́ sí i.

Ṣé àwòrán ara tó ń yí lórí kọ̀ǹpútà tàbí awò VR tí wọ́n ń dé sójú lè rọ́pò òkú tí wọ́n ń là?

Rárá. Ó dáa kí wọ́n tó wọlé àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, ó ń jẹ́ kí wọ́n rí bí iṣan kan ṣe gba ẹ̀yìn òmíì kọjá. Àmọ́ ara èèyàn kan kì í rí bí ti ẹlòmíì, ti inú kọ̀ǹpútà sì máa ń mọ́ tónítóní jù. Tí owó bá wà fún ọ̀kan péré, mi ò ní kọ́kọ́ ra awò.

Báwo la ṣe lè fi fóònù kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀?

Voice note. Ó rọrùn, kò wọ́n, mi ò mọ ìdí tí èèyàn púpọ̀ ò fi tíì máa lò ó. Ẹ wá ẹni tó lè ṣeré, kó ṣe bí ìyá oníṣòwò láti Ìdúmọ̀tà tó ń sọ pé "dókítà, àyà mi ń já, oorun ò kùn mí, ó sì ti tó oṣù méjì tí mo ń rù." Ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Gúrúùpù kékeré kọ̀ọ̀kan á fi voice note bi í ní ìbéèrè kan péré, onítọ̀hún á dáhùn, tí ó bá tó ìbéèrè mẹ́wàá, oníkálukú á kọ ohun tó rò pé ó ń ṣe màmá náà.

Ìbéèrè kan péré yẹn ni kó má kúrò níbẹ̀ o. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún wọn kí wọ́n tó bi òmíì. Ẹ máa rí ọmọ tó máa bi màmá pé ṣé ooru ń mú u ju àwọn tí wọ́n jọ wà lọ, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ ti mọ̀ pé ó ti ń ronú sí àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn. Ẹ máa rí ẹni tó kàn ń ka ìbéèrè inú ìwé lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ ṣe é ní Yorùbá, ẹ ṣe é ní pijin, torí bí wọ́n ṣe máa bá aláìsàn pàdé ní wọ́ọ̀dù náà nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ò kọ́ nǹkan kan, wọ́n ní kí n padà sí lẹ́kíṣọ̀.

Wọ́n ṣe irú ẹ̀ ní Harvard náà. Louis Deslauriers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2019, àwọn tó wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń dá sí i kọ́ ju àwọn tó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ dídùn lọ, síbẹ̀ àwọn gan-an ló sọ pé àwọn ò kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ máa ń jẹ́ kó dà bíi pé nǹkan ti yé wa, ìrònú sì máa ń ni èèyàn lára.

Ẹ ṣàlàyé fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ìwádìí yẹn hàn wọ́n, ọmọ ńlá ni wọ́n. Kí ẹ sì máa sọ ìdáhùn tó tọ́ kedere ní ìparí, torí ìgbà mìíràn ẹjọ́ wọn tọ̀nà, olùkọ́ á jẹ́ kí wọ́n jiyàn tán, á sì lọ láìsọ èyí tó yẹ kí wọ́n mú.

Ṣé kí n máa fún wọn ní máàkì lórí kúìsì yìí?

Ẹ lè fún wọn ní kékeré pé wọ́n dáhùn, kì í ṣe pé wọ́n gbà á. Bí máàkì bá ti wọ̀ ọ́ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti ẹnì kejì, ẹ ò sì ní mọ ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́.

Ṣé mo lè gbé fọ́tò tàbí ẹ̀sìréè aláìsàn sínú gúrúùpù WhatsApp fún kúìsì?

Ẹ má kánjú ṣe é. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò gidigidi. Ẹ gba àṣẹ aláìsàn ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó yé e pé fún ẹ̀kọ́ ni, ó sì lè kọ̀ láìsí pé ìtọ́jú ẹ̀ yí padà. Ẹ yọ orúkọ, nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ kúrò lára ẹ̀sìréè. Pé ẹ fi nǹkan dúdú bo ojú lásán kò tó, ilà ojú, àmì ara, aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn lè jẹ́ kí ará ilé ẹ̀ dá a mọ̀.

Nǹkan tó bá wọ WhatsApp, ẹ ò lè pè é padà mọ́, wọn ti lè gbé e lọ sí ibòmíì. Ẹ fi í hàn lára ògiri nínú kíláàsì, tàbí kí ẹ lo àwòrán tí àwọn tó ni ín ti fàyè gba gbogbo ayé láti lò.

Ṣé mo lè ní kí AI kọ ìbéèrè fún mi?

Ẹ lè ní kó kọ ìtàn aláìsàn àti ìdáhùn tó kùnà, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdáhùn tó tọ́, ìwọ̀n oògùn àti nọ́ńbà èyíkéyìí, ẹ fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìlànà, torí ó máa ń fi ìgboyà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún máa ń gbé aláìsàn Lọ́ńdọ̀nù wá fún yín, ẹni tó rí ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara ní wákàtí kan. Ẹ sọ fún un pé ìlú wo ni, oògùn wo ló wà, kí ni aláìsàn lè san. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn gidi sínú ẹ̀ rárá.

Tí gbogbo kíláàsì bá mú ìdáhùn tó yàtọ̀ sí tèmi, tó sì jọ pé àwọn ló tọ̀nà ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá fún àwa tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ẹ gbé e yẹ̀ wò pé ẹ bi wọ́n nípa aláboyún tí oyún ẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ibà lásán mú, quinine sì ni ìdáhùn tó wà lórí sílàìdì yín. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Àmọ́ láti oṣù kọkànlá 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní oògùn ibà artemether-lumefantrine ni kí wọ́n lò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ náà, àwọn ọmọ tó ka tuntun á mú un.

Ẹ má ti ìbò yẹn pa. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn ṣí ìlànà náà lórí fóònù, kó kà á sókè pẹ̀lú ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yí sílàìdì padà níbẹ̀ lójú wọn, kí ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè tó kàn: tí ilé oògùn ọsibítù yín ò bá ní artemether-lumefantrine lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ tí quinine àti clindamycin tí wọ́n máa ń lò mọ́ ọn wà níbẹ̀, kí lẹ máa ṣe?